Má Ṣe Kó Ọlọ́pàá Wá Bá Pásítọ̀ Wa

Alajue, lẹ́bàá Ẹdẹ
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn òjò

Ọlábọ̀dé Àtàndá, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé Mojọlá ìyàwó rẹ jí dáadáa, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé ara le? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Olúwa tó ń pa ẹyẹ mọ́ lórí ẹ̀ka igi kò ní gbàgbé rẹ ní Àbújá, ilẹ̀ olókùúta yẹn. Ọ̀nà tí o bá gbà jáde náà ni wàá gbà wọlé. Ẹni tó bá ń wá ìṣubú rẹ, kó máa wá a títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kó sì lọ sùn láìrí i. Àmín. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ń já ẹ̀fọ́ lọ́wọ́, ó ní kí n má gbàgbé láti sọ fún ọ pé nígbà tí o pè wá pẹ̀lú àwòrán, imú rẹ nìkan la rí, ó sì ti rù.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà ni pé fóònù kì í jẹ́ kéèyàn parí ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí ìyá rẹ gbé e sí mi létí, o ń pariwo, èmi náà ń pariwo, obìnrin inú fóònù yẹn tún dá sí i, ó ń sọ èdè òyìnbó tí ẹnikẹ́ni ò bi í. Ohun tí mo gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni pé o fẹ́ kó ọlọ́pàá wá láti ti Pásítọ̀ Elijah mọ́lé nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ibẹ̀ ni obìnrin náà ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọ lẹ́nu. Mo bẹ̀ ọ́, má tíì sọ fún ọlọ́pàá kankan, ka lẹ́tà yìí tán ná. Roqeebah, ọmọ Mansur aládùúgbò wa, ló máa yà á ní fọ́tò, tí yóò sì fi ránṣẹ́ sínú fóònù rẹ. Mo ti wẹ̀, mo ti dé fìlà, ìgbà yẹn ló wá ń sọ fún mi pé lẹ́tà lòun fẹ́ yà, kì í ṣe èmi. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ náà kò yẹ kó dọ̀tí.

Ìwọ àti Pásítọ̀ Elijah ò tíì jókòó pọ̀ rí. Lẹ́yìn Àjíǹde ọdún tó kọjá ni wọ́n gbé wọn wá sí ìjọ wa, nígbà tí pásítọ̀ àgbà fẹ̀yìn tì. Wọn ò lè jù ọ́ lọ lọ́jọ́ orí. Wọ́n mọ̀wé, wọ́n mọ orin, ohùn wọn dún tó bẹ́ẹ̀ tí kò nílò ẹ̀rọ, síbẹ̀ wọ́n ra ẹ̀rọ. Wọ́n ní kí a kan àga kan sí iwájú pẹpẹ, àga náà ga débi pé tí wọ́n bá jókòó sí i, ẹsẹ̀ wọn kì í fẹ́ kan ilẹ̀. A ò sọ nǹkan kan, torí èèyàn a máa fẹ́ kí pásítọ̀ òun ga díẹ̀ ju ti ìjọ kejì lọ. Àwa náà la tún ń du ẹni tí yóò gbé Bíbélì tẹ̀ lé wọn, a ò bi ara wa pé ṣé ọwọ́ ń dùn wọ́n ni.

Ó wá di ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n wàásù lórí ìgbàgbọ́. Wọ́n ní oògùn òyìnbó dà bí ọ̀pá tí arọ fi ń rìn, pé ẹni tí Ọlọ́run bá ti mú lára dá kò tún gbọdọ̀ máa tẹ ọ̀pá. Wọ́n gbé agbọ̀n kan kalẹ̀ níwájú pẹpẹ, wọ́n ní kí ẹni tó bá nígbàgbọ́ lọ mú oògùn rẹ̀ wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó sọ ọ́ síbẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yẹn pé, Màmá Grace tí í ṣe Ìyá Ìjọ wa, èyí tó máa ń jókòó níwájú pátápátá, ló kọ́kọ́ jó jáde. Ó ju tirẹ̀ sínú agbọ̀n, gbogbo ìjọ ké Àmín. Èmi náà dìde. Ìyá rẹ fà mí láṣọ lẹ́yìn, mo já a gbà. Oògùn ìfúnpá tí dókítà ní kí n máa lò títí ayé, gbogbo rẹ̀ ni mo gbé sínú agbọ̀n, mo sì ń rìn padà sí àyè mi bí ẹni tó sọ ẹrù igi kalẹ̀.

Ìyá rẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Nígbà tó wá sọ ọ́, ohun tó bi mí ni pé, ṣé Ọlọ́run tó fún dókítà lọ́gbọ́n ti gba ọgbọ́n náà padà ni. Mo ní kó má bá mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Mansur náà gbọ́. O mọ Mansur, Mùsùlùmí ni, òun ló ń wa kẹ̀kẹ́ láti ibí sí Ẹdẹ. Ó ní Bàbá, èmi ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀sìn yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbé yín lọ wọn ìfúnpá yẹn lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní kó máa lọ, pé ara mi dá ṣáṣá. Lóòótọ́ ni ara mi dá, ó dá fún ìgbà díẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ dáadáa, mo ń sun iṣu lẹ́yìnkùlé. Mo fẹ́ yí iṣu padà, mo ní kí ọwọ́ ọ̀tún lọ, ọwọ́ ọ̀tún kò lọ. Mo pe ìyá rẹ, orúkọ rẹ̀ ń wọ́ lẹ́nu mi bí ẹni tó ki ẹ̀kọ gbígbóná sẹ́nu. Ohun tí mo rántí mọ nìyẹn. Ìyókù tí mo máa sọ yìí, ìyá rẹ àti Mansur ló sọ ọ́ fún mi.

Ìyá rẹ figbe ta, Mansur sáré wá. Ó ní kẹ̀kẹ́ òun wà lójú títì, pé ẹrẹ̀ ti gba gbogbo ọ̀nà àdúgbò, taya kò lè wọ̀ ọ́. Bí wọ́n ṣe ń ro bí wọn yóò ṣe gbé mi débẹ̀ ni Pásítọ̀ dé pẹ̀lú ìgò òróró, wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ìyá rẹ dìde sí wọn lẹ́nu ọ̀nà. O mọ̀ pé ìyá rẹ kì í gbóhùn sókè sí èèyàn Ọlọ́run. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, ó ní Pásítọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa gbàdúrà yín bọ̀ lójú ọ̀nà, ilé ìwòsàn ni mò ń gbé ọkọ mi lọ, bí ẹ bá sì dènà mọ́ mi, orí yín ni màá gbà kọjá.

Pásítọ̀ wò ré kọjá èjìká rẹ̀, wọ́n rí mi nílẹ̀, wọ́n rí bí ẹnu mi ṣe ti wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá rẹ ní ojú wọn yí padà bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Wọ́n gbé ìgò òróró kalẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n gbé mi lé àwọn lẹ́yìn. Ọlábọ̀dé, o mọ bí mo ṣe sanra tó. Pásítọ̀ tí kì í gbé Bíbélì ara wọn pọ̀n mí nínú ẹrẹ̀ tó mù wọ́n dé orúnkún, Mansur ń tì mí lẹ́yìn, ìyá rẹ ń di orí mi mú. Ẹrẹ̀ gba bàtà wọn kan, wọn ò bojú wẹ̀yìn. Ìyá rẹ ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń sọ títí dé ojú títì, pé Olúwa, má jẹ́ kó kú, èmi ni mo fà á.

Nígbà tí wọ́n gbé mi dé ilé ìwòsàn ní Ẹdẹ, dókítà bèèrè oògùn tí mò ń lò. Kí ìyá rẹ tó lanu, Pásítọ̀ ti dáhùn. Wọ́n ní ó ní oògùn, èmi ni mo ní kó má lò ó mọ́. Dókítà náà, ọmọdébìnrin kan tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, wò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kan tó wọ bàtà àti ìkejì tí kò wọ̀, ó ní ṣé ẹ̀yin náà ni dókítà wọn ni. Wọ́n ní rárá, pásítọ̀ wọn ni mí. Dókítà ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó kọjú sí mi. Ìyá rẹ ní ì bá sàn kó bú wọn.

Wọ́n wá fún ìyá rẹ ní fọ́ọ̀mù. Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń bèèrè orúkọ ẹni tó sún mọ́ aláìsàn jù. Ìyá rẹ rò ó dáadáa. Ìwọ wà ní Àbújá, ọ̀nà sì jìn. Ó ní kí wọ́n kọ Mansur, torí ògiri kan péré ló wà láàárín wa. Nọ́ọ̀sì ní kí ni Mansur jẹ́ sí bàbá, ó ní aládùúgbò ni, nọ́ọ̀sì ní wọn kì í kọ aládùúgbò síbẹ̀. Ìyá rẹ ní ta ló wá gbé e wá, ṣé ìwé yín ò mọ ẹni tó wà nítòsí ni. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́. Má bínú sí i o. Nígbà tí ojú mi fi máa là, gbogbo wọn ló ń pè mí ní Bàbá Mansur, Mansur náà sì ń dá wọn lóhùn bí ọmọ.

Wọ́n gbé mi dé Òṣogbo láti lọ ya fọ́tò inú orí. Ẹ̀rọ náà rí bí ààrò búrẹ́dì, orí ni wọ́n fi tì mí wọ inú rẹ̀. Mo rò ó pé bó bá jẹ́ inú orí ni wọ́n ń yà, wọ́n á rí ohun tí mò ń rò. Mo bá yára ń gba àdúrà Olúwa nínú ọkàn, títí kan ibi tí mo máa ń fò. Dókítà gbé fọ́tò náà sí iná, ó ní ẹ̀jẹ̀ dí ojú iṣan kan ṣùgbọ́n kò pọ̀, pé Ọlọ́run bá wa ṣe é bí wọ́n ṣe tètè gbé mi wá. Kò sọ̀rọ̀ nípa àdúrà náà rárá. Mo ti ní kí ìyá rẹ bá mi tọ́jú fọ́tò yẹn, kí o lè máa fi han ẹni tó bá sọ pé kò sí nǹkan kan lórí bàbá rẹ.

Wọ́n tún ní aṣọ kan tí wọ́n máa ń wé mọ́ èèyàn lápá. Yóò wú, yóò fún ọ bí ẹni tó fẹ́ sọ àṣírí fún ọ, lẹ́yìn náà yóò mí kanlẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹnu mi kọ́kọ́ là, nọ́ọ̀sì wò ó, ó ní Bàbá, tiyín ti ń wálẹ̀. Inú mi bàjẹ́, mo ní kó bá mi gbàdúrà kó lọ sókè. Gbogbo àwọn tó wà ní yàrá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n dúpẹ́, pé nínú ọ̀rọ̀ ìfúnpá, ẹni tó bá ń wálẹ̀ ló ń yè. Mo ronú lórí ọ̀rọ̀ yẹn pẹ́, torí Pásítọ̀ wà nítòsí ibẹ̀, wọ́n ń fọ aṣọ tí mo bàjẹ́.

Wọn ò lọ, ṣé o rí i. Bí ìyá rẹ bá lọ sílé lọ dáná, àwọn ni wọ́n máa dúró tì mí, àwọn ni wọ́n ń gbé ike ìtọ̀ mi dànù. Ojú ń tì mí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo lajú, mo rí wọn lórí ìkúnlẹ̀ nídìí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń fi aṣọ tútù nu àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Mo ní Pásítọ̀, ẹ dìde, àwọn èèyàn ń wò wá. Wọ́n ní Bàbá, mo ti wàásù dáadáa lórí bí Olúwa ṣe wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣe é lẹ́ẹ̀kan kí n mọ bó ṣe rí. Wọ́n wá ní kí n forí ji àwọn. Mo ní èmi ni mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ sídìí agbọ̀n. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní àgùntàn tó bá tẹ̀ lé olùṣọ́ rẹ̀ jìn sí kòtò, olùṣọ́ ni wọ́n á bi. Ọwọ́ òsì ni mo fi di ọwọ́ wọn mú, torí òun ló ń gbọ́ràn nígbà náà.

Nígbà tí Pásítọ̀ rí i pé mo ti bọ́, wọn ò dúró de ìsìn. Wọ́n ní ẹnì kan lè kú kí ọjọ́ Àìkú tó dé. Mansur fi kẹ̀kẹ́ gbé wọn kiri ilé gbogbo ẹni tó ju oògùn sínú agbọ̀n, títí dé Sekona, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà sídìí oògùn, ẹni tí kò bá ní mọ́, wọ́n mú un lọ rí dókítà. Nígbà tí ọjọ́ Àìkú wá dé, wọn ò gun pẹpẹ, wọn ò tan ẹ̀rọ. Wọ́n dúró nísàlẹ̀ láàárín àwọn èèyàn, wọ́n ní ohun tí mo kọ́ yín yẹn kò ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá, tèmi ni, mo fẹ́ kí ẹ máa wò mí bí alágbára, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa bàbá kan nínú yín.

O lè rò pé inú ìjọ á dùn sí i. Inú bí wọn. Àwọn kan ń bínú nítorí mi, bí ìwọ náà ṣe ń bínú, ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n Màmá Grace àti àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń bínú pé kí ló dé tí Pásítọ̀ fi jẹ́wọ́. Wọ́n ní pásítọ̀ tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ ìjọ ti sọ agbára nù, pé àwọn ìjọ tó kù á máa fi wá ṣẹ̀fẹ̀, pé kí wọ́n gbé e kúrò kí wọ́n fún wa ní ẹlòmíràn. Wọ́n ránṣẹ́ sí alábòójútó ní Ẹdẹ, wọ́n pe ìpàdé. Mo ti wà nílé nígbà náà. Mo ní kí Mansur wá gbé mi lọ. Ìyá rẹ ní ara mi ò tíì gbé e, mo ní kó tẹ̀ lé mi kó lè gbá mi mú bí mo bá ń ṣubú.

Nínú ìpàdé, àga gíga yẹn ṣófo, alábòójútó gan-an kò jókòó sí i. Pásítọ̀ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún nítòsí ilẹ̀kùn, wọ́n sorí kọ́. Màmá Grace sọ̀rọ̀, ó pẹ́ lórí ìdúró. Nígbà tó kàn mí, mo fi ọ̀pá dìde. Ẹnu mi kò tíì tò tán, mo ń rọra sọ ọ́ ni. Mo ní ẹ̀yin ìjọ, èmi ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ó kéré, torí ẹ̀gbẹ́ kan ara mi mọ bó ṣe tóbi tó. Ṣùgbọ́n bí a bá lé èyí lọ, ẹni tí wọ́n máa gbé wá kò tíì pọ̀n ẹnikẹ́ni nínú wa rí. Èyí ti mọ bí èèyàn ṣe wúwo tó. Kò ní máa ju ọ̀rọ̀ lù wá mọ́ bí ọmọ tó ń ju òkúta sí máńgòrò. Mo ní ìfẹ́ tí a ń kọ lórin yìí, bí a ò bá lò ó lónìí, ìgbà wo la fẹ́ lò ó? Mo bá jókòó.

Màmá Grace dìde, mo rò pé ó fẹ́ dá mi lóhùn ni. Ó dúró, ó ń wo ilẹ̀. Ó ní kí wọ́n má bínú, ohun tí òun jù sínú agbọ̀n lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe oògùn. Alábòójútó ní kí wá ni. Ó ní súìtì ni. Ó ní òun di súìtì sínú ọ̀rá oògùn, oògùn gan-an wà nínú agolo ẹ̀gúsí òun nílé, kò sí ọjọ́ tí òun ò lò ó. Ó ní nígbà tí òun rí Bàbá Ọlábọ̀dé tó ń gbé tirẹ̀ bọ̀, òun fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n òun ti jó, ìjọ ti ké Àmín, òun ò mọ bí èèyàn ṣe ń jó ijó bẹ́ẹ̀ padà. Ó bú sẹ́kún. Ó ní Pásítọ̀ jẹ́wọ́ ohun tó tó ìyẹn lójú gbogbo èèyàn, òun àgbàlagbà ò lè jẹ́wọ́ súìtì, ìdí tí òun fi ń bínú sí i nìyẹn.

Alàgbà kan fẹ́ pa ẹ̀rín mọ́ra, kò ṣeé ṣe fún un. Ìyá rẹ tẹ̀ lé e. Èmi náà fi ẹnu wíwọ́ rẹ́rìn-ín, gbogbo ilé gbà á, Màmá Grace ń fi gèlè nu omi ojú, òun náà ń rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. Ó rìn lọ bá Pásítọ̀ lẹ́yìn, ó fà wọ́n dìde. Mo rò pé ibẹ̀ ni ìpàdé ti parí, ìyókù ìwé lásán ni. Alábòójútó ní Pásítọ̀ ò ní lọ, ṣùgbọ́n pásítọ̀ àgbà kan á máa ti Ẹdẹ wá jókòó tì wọ́n, wọn ò sì gbọdọ̀ kọ́ ìjọ ní ohunkóhun nípa ìwòsàn láìjẹ́ pé àwọn àgbà mọ̀ sí i. Pásítọ̀ ní àwọn gan-an làwọn bẹ̀ kó rí bẹ́ẹ̀. Káfíńtà ti gé ẹsẹ̀ àga yẹn, àwọn ìyá ọlọ́mọ ló ń jókòó sí i fún ọmọ lọ́mú.

Ọkàn mi ti balẹ̀, Ọlábọ̀dé. Mò ń sùn, mò ń jí, mò ń lo oògùn, ọwọ́ ọ̀tún ló sì kọ lẹ́tà yìí, ìdí nìyẹn tó fi ń wọ́ bí ipa ìgbín. Ìyá rẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jà lórí iyọ̀, nǹkan ti padà sípò.

Owó tí o fi sínú fóònù dé. Láti ọjọ́ náà mi ò pe ẹnikẹ́ni mọ́, kí ọ̀rọ̀ má baà jẹ ẹ́ tán. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ní òun wá láti báǹkì pè mí nítorí rẹ̀, ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó ń pè mí ní Dádì, ó ní kí n ka nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mi fún òun kí wọ́n má baà ti owó náà pa. Mo ní kí a tó dé orí owó, kí n kọ́kọ́ gbàdúrà fún un, torí iṣẹ́ báǹkì ò rọrùn. Mo gbàdúrà fún un, fún ìyá rẹ̀, fún ọ̀gá rẹ̀, mo ní Olúwa ò ní jẹ́ kó jẹ nínú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà tí mo máa fi ṣe Àmín, kò sí níbẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ ti pè é. Bí o bá mọ̀ ọ́n, bá mi kí i.

Ohun tí mo fẹ́ kí o bá wa ṣe ni pé kí o fi owó oògùn ránṣẹ́ bí o bá ti rí i, má ṣe há ara rẹ mọ́. Bá wa ra aṣọ tó ń fún apá yẹn kan pẹ̀lú, ìjọ fẹ́ ní tiwọn, Màmá Grace ti ní òun ni yóò máa wé e fún àwọn èèyàn lẹ́yìn ìsìn. Bí o bá sì ti rí owó tí o fẹ́ fi kó ọlọ́pàá wá, fi wọ ọkọ̀ pẹ̀lú Mojọlá àti àwọn ọmọ, kí ẹ wá bá wa ṣe ìkórè. Ìyá rẹ ti pe Pásítọ̀ àti Mansur àti ìyàwó rẹ̀ wá jẹun lọ́jọ́ náà, àyè rẹ wà láàárín wọn. Mi ò sọ pé kí o má bínú. Bí inú bá ṣì ń bí ọ, máa gbé e bọ̀ nílé, kí gbogbo wa jọ jókòó tì í.

Ọlọ́run á fi ọ́ sọ́nà ire. Ohun tó wúwo kò ní já lé ọ lórí, bó bá sì wúwo ná, wàá rí ẹni bá ọ gbé e. Àwọn ọmọ rẹ á dàgbà lójú rẹ, wọn á tọ́jú rẹ bí o ṣe ń tọ́jú wa. Ilé rẹ ò ní dàrú, ọwọ́ rẹ ò ní rọ, ẹnu rẹ á máa dùn sí èèyàn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jacob, tó ṣì wà láàyè.